Ike Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógójì

Ní ìlú Oulu, lóṣù Kejìlá,
oòrùn a yọ bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
a yọjú lójú fèrèsé, a ní òun ti ń lọ.
Aago méjì ọ̀sán, a ti ń tan iná.
Èmi ni mo ń ṣọ́ fìrísà nísàlẹ̀ ilé ìwòsàn,
èmi ni mo ń gba ẹrù tí ẹnikẹ́ni kì í fi ránṣẹ́ sí olólùfẹ́.

Aune Kemppainen gbé tirẹ̀ wá nínú àpò,
ó fi ìborùn òtútù wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun.
Bàtà rẹ̀ ló ń wò. "Ìgbẹ́ ni," ló wí.
Mo ní, "Ẹ má tijú. Níbí, ohun iyebíye ni."
Mo lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn: mẹ́tàdínlógójì.

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wa ọkọ̀ tó ń ha yìnyín kúrò lójú títì,
láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí àwọn ọmọdé fi ń lọ iléèwé.
Ìjókòó ni iṣẹ́ náà.
Kọfí, búrẹ́dì dídùn,
kọfí mìíràn.
Ara ń gbà, ara ò ná,
bíi kóló tí kò ní ibi tí owó ń gbà jáde,
ọ̀rá ń jókòó lé ọ̀rá,
títí bẹ́líìtì ọkọ̀ fi kọ̀, tí kò yí i ká mọ́.
Ọjọ́ náà ló wá kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Dókítà Sirkka Pohjola fún un ní ìgò kan,
hóró kan láràárọ̀, oṣù mẹ́ta gbáko.
Bóyá fítámì ni, bóyá ẹfun lásán.
Ẹni tó fún un kò mọ̀, ẹni tó ń gbé e mì kò mọ̀,
inú àpòòwé ni òtítọ́ wà, a ti tì í mọ́ inú àpótí onírin.

"Kí ló kan ìgbẹ́ mi nínú ọ̀rọ̀ ọ̀rá?"
Mo fi àwòrán hàn án lójú kọ̀ǹpútà.
"Ìlú ni ikùn yín. Ojú lásán kò rí àwọn ará ibẹ̀.
Òmíràn ń jẹ èérí ọkà tí ẹ̀yin kò lè dà,
ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́nu rẹ̀ ló fi ń san owó ilé fún ìfun yín.
Òmíràn, ahun ni:
èyí tó yẹ kó bá ìgbẹ́ lọ,
á há a mọ́wọ́, á fún ara kó fi ṣe ọ̀rá.
À ń wò ó bóyá fítámì lè tún ìlú náà tò,
kí ààrò inú lè máa jó geere."
Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo rò pé mò ń dá gbé
láti ìgbà tí Raimo ti kú."

A ti kọ́kọ́ dán an wò lára eku. Eku sanra, eku fọn.
Ṣùgbọ́n eku kì í wakọ̀ lóru,
eku kì í yà ra búrẹ́dì nílé epo nítorí ìbànújẹ́.

Oṣù Kẹta dé, yìnyín ń kán sílẹ̀ lórí òrùlé. A ya àpòòwé.
Fítámì D ni ti Aune, kì í ṣe ẹfun.
Òṣùwọ̀n ní ìdajì kílò ló lọ.
Ìdajì kílò! Bàtà òtútù rẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Àmọ́ nínú ike tuntun tó gbé wá,
ìran kan tó kù díẹ̀ kó run lóṣù Kejìlá
ti bí, ó ti rẹ̀, ó ti kún ilé.

"Ṣé oògùn ni?"
"Ó lè jẹ́."
"Àbí oòrùn tó padà dé?"
"Ó lè jẹ́."
"Àbí ọbẹ̀ ẹ̀wà tí mo tún ń sè ní Ọjọ́bọ̀, bí ti ìyá mi?"
Dókítà Pohjola bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.
"Ó lè jẹ́. Ogójì ènìyàn kò tó fi búra."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbọ́ "ó lè jẹ́" nínú ilé yìí.
Àwọn tó ń polówó ìgò lórí tẹlifíṣàn kò gbọ́ ọ rí.

Aune wọ ẹ̀wù òtútù, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà,
ó fi ìka kan ṣoṣo kan ilẹ̀kùn fìrísà.
"Ẹ bá mi kí wọn."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó pa iná,
mo kí wọn.